Rae Days: ta ni Bob Rae, kí ló dé táwọn òṣìṣẹ́ Ontario ò fi gbàgbé ẹ̀?

Ìbéèrè tó wọlé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. PSW ni mí, àwa tó ń bá nọ́ọ̀sì tọ́jú aláìsàn, ní ọsibítù kan níbí ní Brampton, mi ò tíì pé ọdún mẹ́fà ní Kánádà. Lọ́jọ́ kan níbi tá a ti ń jẹun, mo kàn sọ pé tí ìbò bá dé, pátì NDP ni mo máa dì í fún torí àwọn ló ń ti òṣìṣẹ́ lẹ́yìn. Ni nọ́ọ̀sì àgbà kan bá kọjú sí mi, ó ní ṣé mo mọ Rae Days, ló bá ń bínú lọ bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Mo délé, mo wá a lórí Google, mo rí i pé Bob Rae yìí ti ṣe NDP, ó ti ṣe premier, ó ti ṣe Liberal, ó tún ti ṣe aṣojú Kánádà ní UN. Orí mi dàrú. Ṣé bíi tàwọn olóṣèlú ilé wa náà ni, tí wọ́n ń fò láti pátì kan bọ́ sí òmíì? Báwo sì ni pátì òṣìṣẹ́ ṣe máa gé owó òṣìṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi."

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìfaradà nọ́ọ̀sì yẹn. Bó ṣe ń bínú yẹn ò yà mí lẹ́nu rárá. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣàlàyé ìjọba ilẹ̀ yìí fáwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí mo bá sì ti dárúkọ Bob Rae níbi tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti pẹ́ wà, ojú á kọ́kọ́ le ná kí ẹnu tó là. Rae Days ni àwọn ọjọ́ tí ìjọba Rae ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó sílé láìgbowó, ọdún 1993 lọ̀rọ̀ yẹn sì ṣẹlẹ̀ o! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, òun náà ti ń bímọ.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ibi tó máa ń dijú mọ́ wa lọ́wọ́. Premier kì í ṣe gómìnà bá a ṣe mọ gómìnà nílé. Wọn kì í dìbò fún un tààrà, ẹni tó máa ṣojú àdúgbò ẹ nílé ìgbìmọ̀ lo máa dìbò fún, pátì tó bá kó àga tó pọ̀ jù wọlé ni olórí ẹ̀ sábà máa ń di premier. Agbára ẹ̀ sì pọ̀ ju bó o ṣe rò lọ. Ọsibítù tó o ti ń ṣiṣẹ́, health card tó wà nínú pọ́ọ̀sì ẹ, iléèwé àwọn ọmọ, iye tó kéré jù tí wọ́n lè san fún èèyàn ní wákàtí kan, Queen's Park ní Toronto, níbi tí ilé ìgbìmọ̀ Ontario wà, ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá. Ottawa, ìyẹn ìjọba àpapọ̀, ló ni pásípọ́ọ̀tù, ọ̀rọ̀ ìgbélùú, ṣọ́jà, àti owó tí wọ́n ń fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: tó o bá gba káàdì NDP ní Ontario, o ti gba ti Ottawa mọ́ ọn, pátì kan náà ni. Ti Liberal ò rí bẹ́ẹ̀, Liberal ti Ontario lọ́tọ̀, Liberal ti Ottawa lọ́tọ̀, wọ́n kàn jọ ń jẹ́rúkọ ni. Di èyí mú dáadáa, a máa padà dé ibẹ̀.

Rae fúnra ẹ̀, ọmọ ajẹbọ́tà ni, ká má purọ́. Ottawa ni wọ́n bí i sí ní 1948. Saul Rae bàbá ẹ̀ ń ṣojú Kánádà nílẹ̀ òkèèrè, ibi tí wọ́n bá ti rán bàbá lọ ni gbogbo ilé ń kó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Washington, wọ́n gbé Geneva. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Washington, ó máa ń pín ìwé ìròyìn kiri ilé, ọ̀kan nínú àwọn ilé tó ń já a sí ni ilé Richard Nixon tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Ó lọ sí Yunifásítì Toronto, Michael Ignatieff lòun àti ẹ̀ jọ ń gbé yàrá (rántí orúkọ yẹn), ó gba sikọ́láṣíìpù Rhodes lọ sí Oxford, ó bá àwọn ayálégbé ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù ti wọ̀ ọ́ lára. Ó padà wálé wá kàwé lọ́yà.

Ọdún 1978 ni wọ́n dìbò àfidípò kan ní Broadview ní Toronto, ó wọlé sí Ottawa lábẹ́ NDP, ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀ tó fi ṣe nǹkan tí àgbà olóṣèlú míì ò ní ṣe láéláé. Joe Clark ti pátì Conservative ni olórí ìjọba nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò ní àga tó tó láti dá dúró, 136 nínú 282 ló ní. Mínísítà ètò owó ẹ̀, John Crosbie, gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì kan wá tó fẹ́ fi sẹ́ǹtì 18 lé owó orí gálọ́ọ̀nù epo kọ̀ọ̀kan. Rae ló ń bá NDP sọ̀rọ̀ lórí ètò owó, òun ló sì gbé àbá dìde pé ilé ò fọkàn tán ìjọba yìí mọ́. Alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1979. Mínísítà fún ilẹ̀ òkèèrè ò sí nílé, ó wà ní Yúróòpù, àwọn Liberal ní tiwọn kó àwọn aláìsàn wọn wá láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kí wọ́n lè dìbò. Nígbà tí wọ́n kà á tán, 139 sí 133. Ìjọba tí ò tíì lò ju oṣù mẹ́fà àti díẹ̀ lọ wó lulẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ta ló jàǹfààní ẹ̀? Pierre Trudeau, olórí Liberal, tó ti kéde pé òun ń lọ sinmi! Ó padà wá ní oṣù Kejì ọdún 1980, ó sì wọlé pátápátá. Nítorí náà nígbà tó o bá gbọ́ pé Rae padà wá di Liberal, àwọn kan máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ní 1982 àwọn NDP Ontario ní kó wá ṣolórí àwọn. Ó fi Ottawa sílẹ̀ wá sí Queen's Park. Ìgbà yẹn Conservative ti ń ṣèjọba Ontario láti 1943 láìdáwọ́ dúró, àwọn èèyàn ti gbà pé bó ṣe máa máa rí lọ nìyẹn. Ìbò 1985 wá bọ́ sí ibi tó dùn fún ọlọ́gbọ́n: Conservative ní 52, Liberal ti David Peterson ní 48, NDP ní 25. Rae ò ní agbára láti ṣe premier ṣùgbọ́n òun ló mọ ẹni tó máa ṣe é. Ó bá Peterson kọ̀wé àdéhùn, wọ́n fọwọ́ sí i, pé ọdún méjì gbáko NDP ò ní gbé ìjọba Liberal ṣubú, Liberal náà á ṣe àwọn nǹkan tí NDP ń fẹ́. Ibẹ̀ ni òfin pé obìnrin gbọ́dọ̀ gba iye tó yẹ iṣẹ́ ẹ̀ ti jáde, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fòfin dá àwọn dókítà tó ń gba àfikún owó lọ́wọ́ aláìsàn dúró, àwọn dókítà sì daṣẹ́ sílẹ̀ fún bí ọjọ́ 25 ní 1986 torí ẹ̀. Mo fẹ́ kó o fojú sí i pé ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ló sọ ọkùnrin yìí di èèyàn pàtàkì ní Ontario.

Àǹfààní ibẹ̀ ò bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o. Lọ́dún 1987 Peterson gba gbogbo ìyìn ẹ̀ nìkan, ó kó àga 95, NDP bọ́ sí 19. Ó tó 1989, Rae lọ jókòó sójú ọ̀nà kan ní Temagami níhà àríwá torí igbó tí wọ́n fẹ́ gé, ọlọ́pàá mú un. Ẹni tí ọlọ́pàá gbé lójú ọ̀nà lọ́dún yẹn ló di premier lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Peterson rò pé ayé ṣì ń fẹ́ òun, ó pe ìbò kí àsìkò ẹ̀ tó tó, inú bí àwọn ará ìlú, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990 NDP kó àga 74 nínú 130. Peterson fúnra ẹ̀ ò wọlé ní àdúgbò ẹ̀. NDP ò tíì ṣèjọba Ontario rí, kò sì tíì ṣe é mọ́ látìgbà náà.

Àmọ́ wo nọ́ḿbà yìí dáadáa: ìdá 37.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ni wọ́n ní. Pátì mẹ́ta ló pín ìbò láàárín ara wọn, ẹni tó bá sì fi ẹyọ kan ju ẹnì kejì lọ ní àdúgbò ló ń gbé àga. Ju ìdajì lọ nínú àwọn tó dìbò ló dì í fún ẹlòmíì. Ìpìlẹ̀ tí Rae gbé ilé lé kò nípọn rárá, afẹ́fẹ́ sì ti ń bọ̀.

Kí n tó dé ibi afẹ́fẹ́, nǹkan kan máa dùn mọ́ ẹ. Nínú àwọn mínísítà àkọ́kọ́ tí Rae yàn, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Zanana Akande. Àkàndé tiwa yẹn ni o, orúkọ ọkọ ni. Toronto ni wọ́n bí i sí, St. Lucia àti Barbados làwọn òbí ẹ̀ ti wá, olùkọ́ ni, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ilé ìgbìmọ̀ Ontario àti àkọ́kọ́ tó di mínísítà níbẹ̀. Mo ti rí ọmọ Yorùbá tó bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un pé "Àkàndé" ti wà lórí àga mínísítà ní Queen's Park láti 1990.

Ó dáa, afẹ́fẹ́. Bí wọ́n ṣe ń búra fún wọn báyìí ni ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Àdéhùn òwò pẹ̀lú Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1989, ilé iṣẹ́ ń tì, èlé lórí owó yíyá wà lókè téńté, Ottawa náà ń dín owó tó ń fún Ontario kù, àwọn tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn wá ń tò síwájú ìjọba. Iye tó ń wọlé ń dín, iye tó ń jáde ń pọ̀. Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ní 1991, Floyd Laughren tó jẹ́ mínísítà ètò owó sọ ọ́ lójú ayé pé àwọn máa ná owó láti fi bá ọ̀dá yìí jà, gbèsè ọdún yẹn nìkan á lé ní bílíọ̀nù dọ́là 9. Àwọn oníṣòwò pariwo. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn Rae tún jọ̀wọ́ ìlérí tí gbogbo ọmọ pátì mọ̀ sórí, ìyẹn pé ìjọba máa gba ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì mọ́tò lọ́wọ́ àwọn kọ́ḿpìnì. (Ìwọ tó o wà ní Brampton, tó o mọ iye tó ò ń san fún inṣọ́ránsì, o lè fọwọ́ lérán díẹ̀ níbí.) Ọ̀pọ̀ ọmọ pátì ò bá a rẹ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Mi ò ní kó o rò pé kò ṣe nǹkan kan o. Nígbà tí ilé iṣẹ́ irin Algoma ní Sault Ste. Marie fẹ́ tì, tí gbogbo ìlú yẹn sì gbójú lé e, ìjọba ẹ̀ dúró tì wọ́n títí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn fi ra ìpín tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ní 1992. Ó ṣòfin pé tí òṣìṣẹ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ kó ẹlòmíì wá rọ́pò wọn. Ó ṣòfin tó ń fipá mú ilé iṣẹ́ láti gba aláwọ̀ dúdú, obìnrin, ọmọ onílẹ̀ àti abirùn síṣẹ́ bó ṣe yẹ. Òfin méjèèjì tí mo kà gbẹ̀yìn yìí, ìjọba tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ló fagi lé wọn.

Ọdún 1993 wá dé. Wọ́n ṣírò owó, wọ́n rí i pé tí nǹkan bá ń lọ báyìí gbèsè máa bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Rae pe àwọn yúníọ̀nù òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó, ó ní bílíọ̀nù 2 dọ́là gbọ́dọ̀ yọ nínú owó oṣù lọ́dún kan, ẹ wá ká jọ wá bá a ṣe máa ṣe é tí ò fi ní sí ẹni tíṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀, àwọn yúníọ̀nù dìde kúrò. Lóṣù Keje ìjọba sọ ọ́ di òfin, wọ́n pe orúkọ ẹ̀ ní Social Contract Act. Owó oṣù ò ní gòkè fún ọdún mẹ́ta. Ibi tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ò bá ti fẹnu kò sí ọ̀nà míì láti rí owó yẹn yọ, òṣìṣẹ́ máa jókòó sílé fún ọjọ́ tó lè tó 12 lọ́dún láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó ń gba ohun tí ò tó 30,000 dọ́là lọ́dún nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Àwọn èèyàn bá fún àwọn ọjọ́ yẹn lórúkọ ẹni tó fún wọn: Rae Day.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní nọ́ọ̀sì kan ń gba 36,000 dọ́là lọ́dún. Pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 260, ó ń gba bíi dọ́là 138 lójúmọ́. Sọ ọ́ di ọ̀nà 12, ó lé díẹ̀ ní 1,660. Lọ́dún kan. Kó sì tó di pé wọ́n ka owó orí àti owó ilé. Mo mọ ìyá kan tó wá láti Jàmáíkà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọsibítù kan nígbà yẹn. Ó mú kàlẹ́ńdà 1994 jáde fún mi nínú dúrọ́ọ̀ kíṣìnì ẹ̀, kàlẹ́ńdà tí ilé ìtajà máa ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, ó ti fi bírò pupa yí róbótó mọ́ ọjọ́ méjìlá. Sára ọ̀kan ó kọ "eyín", sára òmíì "iléèwé Marcia". Ó ní gbogbo ohun tóun ò ráyè ṣe tẹ́lẹ̀ lòun fi ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣe, òun á sì jókòó síbi tí dókítà eyín ti ń gbẹ́ òun lẹ́nu, òun á máa ronú pé òun ń pàdánù owó méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àmọ́ kì í ṣe owó yẹn gan-an ló bí wọn nínú tó bẹ́ẹ̀, ibi tí mo fẹ́ kó yé ẹ nìyí. Òṣìṣẹ́ ti rí ìgbà tí nǹkan le, wọ́n ti fara da á rí. Ohun tó dà wọ́n láàmú ni pé àdéhùn owó oṣù wọn, èyí tí yúníọ̀nù àti ọ̀gá ti jókòó sọ, tí wọ́n ti fọwọ́ sí, tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì pé, ìjọba mú bébà yẹn ó fi òfin gé e láàárín. Fún ẹni tó wà nínú yúníọ̀nù, ìwé àdéhùn yẹn ni gbogbo nǹkan, òun ni wọ́n ń daṣẹ́ sílẹ̀ torí ẹ̀ nínú òtútù, òun ni àwọn tó ṣíwájú wọn torí ẹ̀ jẹ lílù. Tó bá jẹ́ Conservative ló ṣe é, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń ṣe. Ará ilé ló ṣe é. Ẹni tí wọ́n fowó ara wọn gbé dépò, tí àwọn fúnra wọn lọ ń kanlẹ̀kùn fún láti ilé dé ilé. Kó sì jẹ́ pé ìwé àdéhùn ló sọ òun alára di nǹkan ní 1985! Èmi rò pé iye tó fẹ́ yọ yẹn, ó ṣeé yọ, mo tiẹ̀ gbà pé kò fẹ́ lé èèyàn kúrò níṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó fi ojú lọ́yà wo ìwé àdéhùn, ó rò pé tí ìdí bá ti wà, èèyàn lè tún un kọ. Ọmọ ajẹbọ́tà ò mọ bí bébà yẹn ṣe wúwo tó lọ́wọ́ ẹni tí ò ní nǹkan míì.

Lóṣù Kọkànlá 1993 àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Ontario dìbò pé àwọn ò ti NDP lẹ́yìn mọ́, kódà àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn pín sí méjì lórí ẹ̀, àwọn onírin ṣì dúró ti Rae, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní àwọn ò bá a ṣe mọ́. Oṣù kan ṣáájú ìyẹn, ìbò Ottawa ti wáyé. Rántí ohun tí mo ní kó o dì mú, pé pátì kan náà ni NDP òkè àti ti ìsàlẹ̀? Ní 1988 wọ́n ní àga 43 ní Ottawa, 10 nínú ẹ̀ láti Ontario. Ní 1993 mẹ́sàn-án péré ló ṣẹ́ kù ní gbogbo Kánádà. Láti Ontario, òdo. Audrey McLaughlin tó ṣolórí wọn ní Ottawa ò gé owó oṣù ẹnì kankan, ṣùgbọ́n òun ló jẹ gbèsè ẹ̀. Rae náà jẹ tiẹ̀ ní oṣù Kẹfà 1995: Mike Harris ti Conservative kó àga 82, NDP padà sí 17. Harris wá gé owó àwọn tó ń gbowó ìrànlọ́wọ́ ní ìdá 21.6 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n ti ọsibítù pa, nọ́ọ̀sì pọ̀ tó pàdánù iṣẹ́, ọkùnrin yẹn tiẹ̀ fi wọ́n wé àwọn tó ń ṣe hula hoop tí ayé ò nílò mọ́. Bi nọ́ọ̀sì yín yẹn, ó máa mọ̀ ọ́n. Mo ti gbọ́ lẹ́nu òṣìṣẹ́ tó pọ̀ pé "ó kéré tán, nígbà Rae iṣẹ́ wa ò bọ́," wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á tún máa bínú sí Rae lọ ni.

Ó fi ipò sílẹ̀ ní 1996, ó lọ ṣe lọ́yà. Mi ò ní pẹ́ níbí, àmọ́ èyí tó o gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ní 2005 ìjọba Ottawa ní kó yẹ ọ̀rọ̀ bàálù Air India tí bọ́ǹbù bú gbàù nínú ẹ̀ ní 1985 wò, èèyàn 329 ló kú, ọmọ Kánádà ló pọ̀ jù nínú wọn, ogún ọdún sì ti kọjá tí àwọn ẹbí ń sunkún pé ẹnì kankan ò dáhùn. Ìwé tó kọ ló ṣí ọ̀nà fún ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fífò tó o bi mí. Ní 2002 ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní gbangba pé òun àti NDP ti pínyà, ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì ló fà á lójú ayé, ṣùgbọ́n wọn ò bára wọn rẹ́ mọ́ tipẹ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni kò fi sí ní pátì kankan. Oṣù Kẹrin ọdún 2006 ló wọ Liberal, kò sì fi bò pé àga olórí lòun ń wá. Báyìí, gbọ́: Rae ò fìgbà kan gbé àga tí pátì kan fún un lọ sínú pátì míì. Nígbà tó yí padà, kò sí àga kankan lábẹ́ ẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí tàwọn tiwa tó ń fi ìbò pátì kan wọlé lánàá tí wọ́n á kó o lọ sí òdìkejì lónìí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé òfin 1999 ní kí wọ́n pàdánù àga àyàfi tí pátì bá pín sí méjì, ìyẹn ni gbogbo wọn ṣe máa ń rí "pínpín" níbi tí ò sí. Àmọ́ má rò pé àwọn ará ibí mọ́ o. Belinda Stronach fi Conservative sílẹ̀ ní 2005, ọjọ́ yẹn gan-an ló di mínísítà Liberal. David Emerson wọlé lábẹ́ Liberal ní 2006, kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi di mínísítà Conservative. Òfin Kánádà ò ní kí ẹnikẹ́ni fi àga sílẹ̀ torí ẹ̀. Nítorí náà fífò wà níbí, Rae kọ́ ni màá fi ṣàpẹẹrẹ ẹ̀. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn án ni ìkánjú, ẹni tó wọ pátì lóṣù Kẹrin fẹ́ ṣolórí ẹ̀ lóṣù Kejìlá!

Wọ́n péjọ sí Montreal fún un. Ignatieff, ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá láyé ọ̀dọ́, ló wà níwájú, Rae ṣe ìkejì. Ní ìbò kẹta wọ́n já Rae bọ́, Stéphane Dion gbà á mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Gbogbo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ dáadáa tó, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í láti Montreal dé ibi gbogbo: ṣé o lè wọlé ní Ontario? Torí Ontario ló ní àga tó pọ̀ jù ní Ottawa, Ontario yẹn náà ló sì ní kàlẹ́ńdà nínú dúrọ́ọ̀. Ó wọlé padà sí Ottawa ní 2008, wọ́n gbé Ignatieff ṣolórí, òun sì yọ ara ẹ̀ kúrò. Ìbò 2011 wá yí gbogbo nǹkan po: Liberal já sí àga 34, NDP tó fi sílẹ̀ kó 103, àwọn ni wọ́n jókòó sípò alátakò àkọ́kọ́ fúngbà àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn ni Liberal tó sọ pé kí Rae wá ṣolórí fúngbà díẹ̀. Ó jókòó ti àwọn tó ṣẹ́ kù, ó ń wo ilé tó ti jáde níbi tó ti ń tàn yanran níwájú ẹ̀. Ọdún méjì ló fi mú pátì yẹn dúró kó má tú ká, àwọn tó ń wo ilé ìgbìmọ̀ gbà pé ó mọ iṣẹ́ yẹn ju gbogbo wọn lọ, ó sì gbé e fún Justin Trudeau ní 2013. Ọmọ Pierre.

Lẹ́yìn ìyẹn ó lọ ṣojú àwọn ọmọ onílẹ̀ Matawa níhà àríwá Ontario nígbà tí wọ́n ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ wọn, wọ́n rán an lọ wo ọ̀rọ̀ àwọn Rohingya tó sá kúrò ní Myanmar ní 2017, láti 2020 sí 2025 ló fi ṣojú Kánádà ní UN. Bàbá ẹ̀ ti jókòó sórí àga yẹn gan-an láti 1972 sí 1976.

Ó ku nọ́ọ̀sì ẹ. Mo fura pé kì í ṣe Rae nìkan ló ń bínú sí. Ní 2019 ìjọba Doug Ford ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Bill 124, pé owó àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù àti olùkọ́ ò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dún fún ọdún mẹ́ta, kòrónà sì wá bá wọn nínú ẹ̀. Àwọn yúníọ̀nù gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n borí ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n tún borí ìjọba ní oṣù Kejì 2024, ni ìjọba bá fagi lé òfin yẹn. Ní 1993 kóòtù ò lè gba òṣìṣẹ́ sílẹ̀, torí ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ ní 1987 pé ẹ̀tọ́ láti kẹ́gbẹ́ ò kan ẹ̀tọ́ láti jókòó dúnàá dúrà lórí owó oṣù. Ọdún 2007 ni wọ́n tó yí ọ̀rọ̀ yẹn padà, ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù ní British Columbia ló sì mú un wá. Èyí ni pé ohun tí Rae ṣe nígbà yẹn, tó bá dán an wò lónìí, kóòtù lè dá a padà fún un.

Tó o bá ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù yẹn kí 2022 tó parí, lọ wo payslip ẹ ti 2023 àti 2024, wò ó bóyá wọ́n san èyí tí wọ́n jẹ sẹ́yìn fún ẹ, torí ọ̀pọ̀ yúníọ̀nù gba owó náà padà lẹ́yìn tí kóòtù dájọ́. Tó bá jẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó tó jẹ́ ti aládàáni lo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, òfin yẹn ò kàn ẹ́ rárá. Tó ò bá rí i lójú bébà, aṣojú yúníọ̀nù yín ni kó o bi, má bi ọ̀gá.